Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Kisaburo Onodera, Ẹni tí Ó La Ọ̀nà Gba Inú Igbó Òkun Kọjá

Ìdílé Onodera ti abúlé Ukihama, ní etíkun Iwate, kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ nínú òtútù yìí wá bá wọn sin bàbá wọn. Ẹ ṣeun, ẹ kò ní fẹsẹ̀ kọ òkúta bí ẹ ti ń padà lọ. Ìdílé ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jókòó, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ títí dé ìparí, nítorí ìtàn yìí kò rí bí èyí tí ẹ ti máa ń gbọ́ níbi ìsìnkú. Ojú ń ti àwọn tó kọ ọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1921, nígbà tí yìnyín bo òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò lè ti ọkọ̀ bọ omi, a bí Kisaburo sí ilé Tomeji Onodera àti Kiyo aya rẹ̀. Apẹja ọmọ apẹja ni Tomeji. Bí ó bá fi ojú sí àpótí onígíláàsì, tí ó ti ọ̀pá gígùn onírin bọ ìsàlẹ̀ omi, kò sí awabi tó lè sá pamọ́ fún un. Awabi yìí ni ìgbín òkun tí ń lẹ̀ mọ́ àpáta lábẹ́ kombu, ewé òkun gígùn tí ń hù bí igbó, awabi náà ló sì kọ́ ilé fún Ukihama, tó rán àwọn ọmọ Ukihama lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ àgbẹ̀ orí òkè ni Kiyo, kò sì fẹ́ràn òkun títí tó fi kú. Ọmọkùnrin kẹta ni Bàbá Kisaburo. Àkọ́kọ́ kú ní kékeré, èkejì bá ogun lọ kò padà wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò retí ogún ṣe di olórí ilé.

Ní ọdún 1928, bàbá wọ ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Orí àga kan náà ni àwọn àti Wasuke Kanno, ọmọ ilé kejì, jọ ń jókòó. Wasuke ló kọ́ bàbá ní òmùwẹ̀, bàbá ló ń bá Wasuke ṣe ìṣirò, olùkọ́ sì ń na àwọn méjèèjì pọ̀ láìṣe ojúsàájú. Ní ọdún 1942 wọ́n mú bàbá lọ sójú ogun. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1946, tí ara wọn ti gbẹ bí ẹja tí a sá sóòrùn, ẹni àkọ́kọ́ tó rí wọn lójú ọ̀nà ni Wasuke. Ó sáré wọlé, ó gbé ọbẹ̀ miso tó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ mu jáde fún wọn. Ìdílé bẹ̀ yín, ẹ fi orúkọ Wasuke yìí sọ́kàn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1947, bàbá gbé Towa níyàwó láti òdìkejì ìyawọlẹ̀ òkun. Àwọn àgbàlagbà tó wà níbí kò tíì gbàgbé ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé ìyàwó wá pẹ̀lú aṣọ àti àpótí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kombu ga jù lọ, igbó rẹ̀ sì ti dí gbogbo iwájú abúlé, láti orí àpáta dé ojú omi. Kombu wé mọ́ àjẹ̀, ó wé mọ́ ìdí ọkọ̀, ìyàwó sì jókòó sáàárín omi láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń lọ sílé, níṣojú àwọn àlejò tó dúró sí etíkun. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ ìyàwó ṣẹ̀sín.

"Kisaburo, kombu ti fẹ́ ẹ ṣáájú rẹ o!"

"Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó ti délé ọkọ!"

Wasuke ló bọ́ṣọ, tó gbé àdá ẹlẹ́nu wíwọ́ sẹ́nu, tó lúwẹ̀ẹ́ lọ gé ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, àlejò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Kisaburo kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ẹ̀sín yẹn sínú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé lọ́jọ́ kan àwọn yóò la ọ̀nà gba inú igbó yẹn kọjá, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún jókòó sínú rẹ̀ bí ẹran tó há sínú pàkúté.

Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ mẹ́ta, iṣẹ́ sì gbè wọ́n. Ní ọdún 1953 àwọn apẹja fi bàbá ṣe alága ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wọn. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ti ń wọlé nígbà yẹn, kombu sì ń lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ju bó ti ń lọ́ mọ́ àjẹ̀ lọ. Gbogbo ọkọ̀ Ukihama ní láti yí gba ìdí àpáta gúúsù kí ó tó já sójú òkun, àwọn ará abúlé kejì a sì ti ta ẹja wọn tán kí tiwọn tó dé ọjà. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1955, bàbá kó àwọn ọkùnrin jọ. Wọ́n fi dòjé orí ọ̀pá gé kombu, wọ́n fi irin ha gbòǹgbò rẹ̀ kúrò lára àpáta, wọ́n fọ́ àwọn òkúta tó yọrí, títí ọ̀nà gbọọrọ kan fi là láti èbúté dé òkun gbangba. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń tún un ro bí ẹní ń ro oko. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n mu ọtí sake, àlùfáà tẹ́ńpìlì wá, olórí abúlé sì sọ ọ́ ní Ọ̀nà Kisaburo. Orúkọ yẹn ni àwọn ọmọ Ukihama ń pè é títí di òní, ó sì wà lórí òkúta tó dúró sí ẹnu èbúté. Bí ìtàn yìí bá jẹ́ irú èyí tí a máa ń kà, ibẹ̀ ni ìdílé ìbá ti pàtẹ́wọ́.

Ẹní ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí. Fún ọdún mélòó kan, ohun gbogbo dára. Awabi kì í tóbi tó ohun tí a lè mú kí ó tó pé bí ọdún márùn-ún, nítorí náà àwọn tó ti wà nílẹ̀ ni gbogbo abúlé ń mú, inú wọn sì ń dùn. Nígbà tó di 1960, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn kò rí kéékèèké mọ́. Ní ìgbà ìwọ́wé 1961, lọ́jọ́ tí a ṣí etíkun fún ìkórè, ọkọ̀ ń padà wálé pẹ̀lú agbọ̀n tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fojú hàn. Ní etíkun yìí, ẹni tó bá mú awabi ṣáájú ọjọ́ tí a ṣí etíkun kò yàtọ̀ sí ẹni tó jí ọmọ gbé. Àwọn ará abúlé ń wá olè, wọ́n sì rí ẹni tí wọn yóò pè bẹ́ẹ̀.

Ilé Wasuke ló sún mọ́ omi jù, kò sì sí ẹni tó mọ òmùwẹ̀ tó o. Òkìtì karawun awabi kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá rẹ̀, gbogbo ọmọdé ló ti gùn ún rí. Ní ìpàdé, òkìtì àtijọ́ yẹn di ẹ̀rí. Bàbá Kisaburo ló wà lórí àga alága. Yoshie, àkọ́bí wọn, wà níbẹ̀, ó ń bu tíì fún àwọn àgbà, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin bi í pé, "Wasuke, àwọn karawun wọ̀nyẹn, ta ló jẹ ẹran inú wọn?"

"Bàbá mi ni, àti bàbá tìrẹ náà! Ṣé ẹ ò mọ̀ mí mọ́ ni? Kisaburo, sọ̀rọ̀ kẹ̀. O mọ̀ mí."

Bàbá ní, "Ohun tí ọ̀pọ̀ bá sọ ni abúlé máa ṣe."

Ọ̀pọ̀ sọ ọ́. Nínú ohun mẹ́wàá tí ará abúlé ń ṣe fún ara wọn, a gé mẹ́jọ kúrò lọ́dọ̀ ilé Kanno, a sì fi méjì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà: bí iná bá sọ, àti bí èèyàn bá kú. Ẹnikẹ́ni kò kí wọn mọ́, kò sí ẹni tó bá wọn ṣọdún, kò sì sí ẹni tó bá wọn gbin ìrẹsì. Sumi, ọmọbìnrin wọn, ti wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Yoshie. Yoshie fúnra rẹ̀ ló gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sumi, kò sì sí ẹni tó rán an. Títí dé ìhín, ìdílé lè sọ pé àṣìṣe ni bàbá ṣe, nítorí bàbá gbà lóòótọ́ nígbà náà pé Wasuke jalè.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1963, ìjọba rán obìnrin kan wá láti yẹ omi náà wò. Setsu Kudo ni orúkọ rẹ̀, kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, òkun sì máa ń dà á láàmú débi pé ó máa ń bì kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Bàbá ló ń tu ọkọ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìjì, ó gbé àpò eèrí ìrẹsì sínú ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú omi láàárín kombu.

Bàbá ní, "Arábìnrin, ẹja lẹ fẹ́ bọ́ ni? Àwọn ẹja ibí yìí ò jẹ eèrí o, ìgbéraga wọn pọ̀."

"Alága, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀fọ́rí ń ṣe mí. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Eèrí náà kò lọ síbì kankan. Ìgbì tó ń bì ní ìta kò lágbára mọ́ nígbà tó bá wọ àárín ewé, eèrí ń yí po lójú kan, ó ń lọ síwájú díẹ̀, ó ń bọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ń rọra rì sórí àpáta. Lẹ́yìn náà Arábìnrin Kudo ní kí bàbá tu ọkọ̀ bọ́ sínú Ọ̀nà Kisaburo, ó sì da ìyókù síbẹ̀. Kí bàbá tó gbójú sókè, eèrí ti kọjá àpáta, ó ti di ti òkun ńlá. Èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì pàápàá ń yọ́ jáde láti inú kombu, ó ń bọ́ sínú ọ̀nà náà, ó ń tẹ̀ lé e.

Arábìnrin Kudo wá ṣàlàyé. Ó ní awabi kì í bí ọmọ sórí àpáta. Ìjì ìgbà ìwọ́wé ló máa ń jí wọn, wọn a sì tú ẹyin sínú omi. Ọmọ tó bá jáde kéré ju ìyẹ̀fun lọ, kò lè lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi tó fẹ́, ibi tí omi bá gbé e lọ ló ń lọ. Fún bí ọjọ́ mélòó kan ló fi ń léfòó bẹ́ẹ̀ kí ó tó lè di àpáta mú. Bí kombu bá dí, omi inú rẹ̀ a rọ̀, a sì fi ọmọ sílẹ̀ nílé ìyá rẹ̀. Bí ọ̀nà bá là, omi a sáré, a sì kó gbogbo wọn lọ síbi tó jìn, tí kò ní àpáta.

Bàbá bi í pé, "Kò sí ẹni tó jí wọn?"

"Ta ló fẹ́ jí ohun tí kò tíì tó ojú rí? Alága, ọ̀nà yìí ni. Ẹ bá mi pe ìpàdé, kí n ṣàlàyé fún wọn."

Bàbá ní, "Ẹ má yọra yín lẹ́nu. Ẹnu ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn."

Arábìnrin Kudo gbà wọ́n gbọ́. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti gbé e lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdílé ti wá ohun rere tí wọ́n lè sọ nípa ìdákẹ́jẹ́ yẹn, wọn kò rí i. Kì í ṣe pé bàbá gbàgbé. Kì í ṣe pé kò yé wọn. Orúkọ wọn wà lára òkúta ní ẹnu èbúté, wọ́n sì rò ó pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀, abúlé yóò ṣí ojú wo Wasuke, lẹ́yìn náà yóò ṣí ojú wo àwọn. Wọ́n ní àwọn yóò sọ ọ́ lẹ́yìn ìkórè. Ìkórè kọjá. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Ukihama kò sáré rárá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bàbá ló jókòó sí, wọn kò sì ṣílẹ̀kùn.

Ní ọdún 1971, Màmá Hatsu, aya Bàbá Wasuke, jáde láyé. Ní ọdún mẹ́wàá ìkẹyìn ayé wọn, ará ilé wọn nìkan ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní abúlé yìí. Ikú jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì tí a kò gé, nítorí náà gbogbo abúlé dé. Bàbá Kisaburo ló di iwájú pósí mú. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, Bàbá Wasuke jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹrí ba fún bàbá débi tí orí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, wọ́n sì ní, "O ṣeun, Kisaburo. O kò jẹ́ kó lọ lóun nìkan." Bàbá tẹrí ba padà. Wọ́n bá Bàbá Wasuke wọlé, wọ́n sì jẹun níbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Sumi kó lọ sí ìlú Sendai, kò sì padà wá rí.

Ní ti ẹ̀sìn, bàbá kò fi tẹ́ńpìlì ṣeré. Wọ́n fi owó tún òrùlé rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì máa ń gbé omi àti ìrẹsì síwájú àwọn baba ńlá wọn láràárọ̀. Ní ti iṣẹ́ ìlú, ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ṣe alága, ìjọba sì fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ ní 1978. Àmì ẹ̀yẹ náà kò sí lára ohun tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán wọn lónìí. Ìdílé gbé e kúrò.

Ní oṣù kejìlá tó kọjá, nígbà tí àìsàn ti dá bàbá jókòó, wọ́n pe aya àti ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti gbọ́ yìí. Wọ́n ní kí a kà á síta lọ́jọ́ ìsìnkú àwọn. Teruo, ọmọkùnrin wọn, tó ń fi Ọ̀nà Kisaburo jẹun lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, fò dìde.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fúnra yín, ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà láàyè? Ẹ fẹ́ lọ sinmi, kí àwa wá máa forí gbálẹ̀?"

Màmá Towa ló wá sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò sì lọ sókè.

"Bàbá Yoshie, nítorí tèmi lẹ ṣe la ọ̀nà yẹn. Ṣé nítorí tèmi náà lẹ ṣe dákẹ́?"

Bàbá yí ojú sí ògiri. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bàbá Kisaburo mú ikú, wọ́n sì fi ẹ̀sín sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Wọ́n dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún yìí, 1989, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé ni Màmá Towa, aya wọn. Yoshie, Teruo àti Misao, ọmọ wọn. Ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọbìnrin kékeré kan tí ọmọ-ọmọ bí, tí kò tíì mọ ẹni tó kú. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ Teruo kò gba inú Ọ̀nà Kisaburo mọ́, ìdí àpáta gúúsù ló ń yí gbà. Ìdílé ń bẹ ẹgbẹ́ àwọn apẹja pé kí wọ́n má ṣe ro ọ̀nà náà ní ìgbà ìrúwé yìí, kí kombu lè padà dí i. Wọ́n sì ń bẹ ìgbìmọ̀ abúlé pé kí a hú òkúta ẹnu èbúté. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ráyè, Teruo yóò hú u.

Kí ìtàn yìí tó dé ilé ìtẹ̀wé, Yoshie mú un lọ sí ilé Bàbá Wasuke, nítorí kò bójú mu kí àárín èrò jẹ́ ibi tí wọn yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìparí, wọ́n sì pa ojú dé díẹ̀.

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún yín?"

"Ẹnu wọn ni, Bàbá Wasuke."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń rìn nígbà yẹn?"

"Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n máa ń dé ìdí kànga."

"Ó ń dé ìdí kànga." Bàbá Wasuke mi orí. "Láti ẹnu ọ̀nà yín sí tèmi, ọmọ tó ń rá lè dé ibẹ̀ kí tíì tó tutù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Yoshie. Kò kúkú jìnnà."

Yoshie forí balẹ̀ lórí ẹní. Ó tọrọ àforíjì fún bàbá rẹ̀, ó tún tọrọ ti àga tó gbé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sumi. Bàbá Wasuke kò sọ pé kó dìde, wọn kò sì sọ pé ó ti tán. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Tẹ́ ẹ bá máa kà á, ẹ kà á sókè. Etí mi ò gbọ́ràn mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan máa túmọ̀ ẹ̀ fún mi."

Ìdílé ti kà á sókè.

Níbi tí irú ìtàn yìí bá parí sí, àwọn ọmọ ló máa ń sọ fún òbí wọn pé kó sùn re. Àwọn ọmọ Onodera kò ní sọ ọ́, nítorí kò sí lọ́wọ́ wọn. Bàbá Wasuke Kanno ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá wà níbí, tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ ọ́, gbogbo ilé yóò dákẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́. Bí wọn kò bá fẹ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wọn sọ ọ́.